Ojú Fèrèsé Gẹ́gẹ́ bí Ogún Ẹbí: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Títún Fèrèsé Ilé Àtijọ́ Ṣe àti Pípààrọ̀ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àṣamọ̀

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ọwọ́ tí àwọn ẹbí fi ń mú fèrèsé onípákó tí ó wà lára ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. A lo tíọ́rì ìmọ̀ àmì láti ṣe lámèyítọ́ èrò tí ó gbòde pé bí fèrèsé bá ti gbó, yíyọ rẹ̀ dànù ni ó kù. A fi hàn pé ohun mẹ́ta ni orúkọ kan ṣoṣo náà, fèrèsé, ń tọ́ka sí: ojú fèrèsé, férémù, àti ilẹ̀kùn fèrèsé. A sì dábàá pé kí ẹbí ka ojú fèrèsé sí ohun àjọni tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá yí padà, kí ilẹ̀kùn fèrèsé sì jẹ́ ti ìdí-igi tí ó ni yàrá.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà abẹ́lé ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Nínú bébà yìí, a fẹ́ kí òwe náà kọ́kọ́ bá ògiri gan-an wí kí ó tó padà sí ọ̀dọ̀ ẹbí. Ìdí ni pé nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, òkè fèrèsé tí a fẹ̀ lójú láìwo ẹ̀yìn wò ni ògiri ti sábà máa ń kọ́kọ́ lanu. Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàrin ẹbí ni ó sì sábà máa ń fà á tí a fi fẹ̀ ẹ́ lójú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá rìn ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ṣàgámù, bí Ọ̀fin àti Mákun, yóò rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé ìwájú rẹ̀ kò bára mu. Ọ̀kan lè jẹ́ onípákó tí òkè rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí a sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀ṣọ́ yí ká. Èkejì lè jẹ́ onígíláàsì wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní lúfà. Ẹ̀kẹta a sì jẹ́ siláìdì alumíníọ̀mù tí ń dán yanranyanran nínú ojú ihò onígun mẹ́rin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù dí ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kọjá lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rò pé àìlówó ni ó mú kí iṣẹ́ náà dúró sí agbede méjì. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí irú ilé yìí ń bi wá ni pé: ta ni ó ni ìwájú ilé?

Iṣẹ́ Àwọn Aṣáájú

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ilé Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. G. J. Afọlábí Òjó kọ ìwé lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá ní 1966. Massimo Marafatto gbé ìwé jáde ní 1983 lórí ilé tí ó ní àwòmọ́ ti Bùràsíìlì ní Nàìjíríà. Ní 1984, John Michael Vlach kọ àpilẹ̀kọ lórí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe di ilé tí gbogbo ènìyàn ń kọ́ ní ọ̀rúndún ogún. Ní 1985 sì ni ìwé Marianno Carneiro da Cunha jáde, tí Pierre Verger ya àwòrán inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn wọ̀nyí ṣe, a kò sì lè fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Àléébù tí a rí ni pé ibi tí ìtẹnumọ́ wà jù lọ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀: ta ni ó kọ́ ilé, níbo ni ó ti kọ́ iṣẹ́, kí ni ó mú bọ̀ láti òkè òkun. Ilé, lójú wọn, jẹ́ ohun tí ó parí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ọwọ́ tí àwọn ajogún fi ń mú ilé láti ìran kan dé èkejì kò jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nínú kíláàsì àṣà, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé kíkọ́, ogiri alámọ̀, ewé gbodogí àti koríko bẹẹrẹ ni a sábà máa ń kà sílẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fò dé ilé búlọ́ọ̀kù. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kọ́, èyí tí ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ náà jí nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sí nínú ẹ̀kọ́. Àlàfo yìí ni a fẹ́ dí.

Tíọ́rì Ìmọ̀ Àmì

Charles Sanders Peirce pín àmì sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àmì àfijọ, èyí tí ó jọ ohun tí ó dúró fún, bí àwòrán ṣe jọ ẹni tí a yà. Èkejì ni àmì atọ́ka, èyí tí ohun tí ó ń tọ́ka sí gan-an fà, bí èéfín ṣe ń tọ́ka sí iná. Ẹ̀kẹta ni àmì àdéhùn, èyí tí ó jẹ́ pé àwọn ènìyàn ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bí a bá fi tíọ́rì yìí wo fèrèsé ilé àtijọ́, a ó rí i pé àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pé sí i lára. Òkè fèrèsé tí ó tẹ̀ bí ọrun jẹ́ àfijọ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé àwọn Àgùdà ní Èkó. Ìtóbi rẹ̀ àti iye rẹ̀ ní ìwájú ilé jẹ́ atọ́ka owó tí onílé ní nígbà náà. Ipò tí ó wà, pé àwọn tí ó wà lókè láàrin gbùngbùn tóbi ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, jẹ́ àdéhùn: gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ni ó mọ̀ pé pálọ̀ bàbá onílé ni ó wà níbẹ̀. Kókó tí ó ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn wa ni pé gbogbo àmì wọ̀nyí wà lára ojú fèrèsé, kì í ṣe lára pákó tí ń ṣí tí ń pa. Pákó lè yí padà kí ìtumọ̀ ṣì dúró. Bí ojú fèrèsé bá yí padà, ìtumọ̀ ti lọ.

Bí Fèrèsé Ṣe Kọjú sí Òpópónà

Nínú agbo ilé àtijọ́, fèrèsé kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ní ara ògiri ìta. Àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni àwọn ará ilé ń jókòó sí. Inú ni ilé kọjú sí. Ààbò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àkókò ogun ni. Ààbò náà ni ó mú kí àwọn ìlú Rẹ́mọ bí mélòó kan kó jọ sí ojú kan ní 1872 láti tẹ Ṣàgámù dó.

Nígbà tí Akárìgbò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 1894, ọ̀nà ọjà láti Rẹ́mọ gba Ìkòròdú dé Èkó túbọ̀ là. Àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ rí ilé àwọn Àgùdà àti àwọn Sàró ní Èkó: ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá wà ní ọ̀tún àti ní òsì, tí fèrèsé sì kọjú sí òpópónà. Àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà gbé iṣẹ́ náà wọ ìgbèríko, àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwọn náà sì gbé e síwájú sí i.

Owó tí a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Rẹ́mọ. Babátúndé Àgírì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wisconsin ní 1972, ṣàlàyé bí obì gbàǹja ṣe di ọ̀gbìn pàtàkì ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ àti àwọn ilẹ̀ mìíràn láàrin 1850 sí 1950. Obì yìí ni ó kó àwọn oníṣòwò Hausa wá sí Sábó ní Ṣàgámù. Nítorí náà, fèrèsé tí ó kọjú sí òpópónà jẹ́ àmì atọ́ka oko obì. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ ti fọ́ ojú ewé kan nínú ìwé ìtàn tí kò ní ẹ̀dà kejì.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí níbẹ̀ ní 1909 tí ó sì kú síbẹ̀ ní 1987, ń gbàlejò títí di òní, àwọn ènìyàn sì mọ ibi tí Táí Ṣólàrín gbé, ẹni tí ó dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956. Orúkọ ńlá ni ó ń ṣọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé alágbàtà obì tí orúkọ rẹ̀ kò jáde nínú ìwé kò ní olùṣọ́ mìíràn ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Fèrèsé àti Ìdí-igi

Nígbà tí bàbá onílé bá kú, ilé di dúkìá ẹbí. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún: ìdí-igi, níbi tí a ti ń fi iye ìyàwó tí ó bímọ pín in, àti orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń fi iye ọmọ pín in. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ dá ní 1958, tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ní 1962, ilé ẹjọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà tí ó gbilẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Yàrá ṣeé pín ní ìdí-igi. Ìwájú ilé kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí fèrèsé yàrá tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ìdí nìyí tí oríṣi fèrèsé mẹ́ta fi lè wà ní ìwájú ilé kan. Ẹni tí ó bá mọ àmì kà kò nílò kí a sọ fún un pé ìyàwó mẹ́ta ni bàbá onílé fẹ́, àti èwo nínú ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní ọmọ ní òkè òkun. Fèrèsé tí ó ń tọ́ka sí ọrọ̀ bàbá tẹ́lẹ̀ ti wá ń tọ́ka sí ìyapa àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òǹkọ̀wé bébà yìí gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ilé ẹbí wa ní Ṣàgámù, ọmọ ìdí-igi kan fi owó ránṣẹ́ pé kí a fi siláìdì sí yàrá méjì tí ó wà ní òkè. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ẹbí nígbà náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹbí gbà kí a pààrọ̀ fèrèsé, olórí ẹbí sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí oníṣẹ́ dé, ó ní siláìdì kò lè wọ inú ojú ihò tí òkè rẹ̀ tẹ̀. Bíríkìlà bá gbẹ́ òkè rẹ̀ dànù, ó yọ igi àtẹ́rígbà, ó sì sọ ihò náà di onígun mẹ́rin. Kò ṣe ohun tí a kò ní kí ó ṣe: fèrèsé ni a ní kí ó pààrọ̀. Kò pé òjò méjì tí ògiri fi là láti igun fèrèsé náà títí dé abẹ́ òrùlé. Pákó ìrókò tí a yọ ni ẹnì kan fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Títí di àsìkò yìí, ikán kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ti èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, fèrèsé, ni mo lò fún ohun mẹ́ta. Ká ní mo kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn fèrèsé ni kí a pààrọ̀, kí a má fọwọ́ kan ojú fèrèsé, ògiri bàbá àgbà ì bá má là. Àwa tí à ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ rò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mọ sí inú kíláàsì.

Àwíjàre Àwọn Tí Ń Pààrọ̀ Fèrèsé

Lámèyítọ́ tòótọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Àwọn tí ń pààrọ̀ fèrèsé kì í ṣe òmùgọ̀, àwíjàre wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní olè lè fi irin ja fèrèsé onípákó. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gba àárín pákó wọlé. Wọ́n ní bí a bá ti fèrèsé onípákó, inú yàrá a ṣókùnkùn. Wọ́n ní ikán ń jẹ igi ṣùgbọ́n kò lè jẹ alumíníọ̀mù, àti pé alumíníọ̀mù kò nílò ọ̀dà kíkùn. Wọ́n tún máa ń pa òwe pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìta ni ilẹ̀kùn fèrèsé onípákó sábà máa ń ṣí sí. Nítorí náà, àyè wà ní inú láti fi irin ìdènà olè àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí férémù láìba ohunkóhun jẹ́. Ní ti òkùnkùn, a lè fi ilẹ̀kùn fèrèsé onígíláàsì tí ń ṣí sí inú kún un, kí onípákó wà ní ìta, kí onígíláàsì wà ní inú. Òótọ́ ni pé ikán kì í jẹ alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí siláìdì fi ń yí a máa jẹ, ojú irin tí ó ń gbà a sì máa kún fún eruku àti omi òjò. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ kò bá sí lọ́jà mọ́, gbogbo rẹ̀ ni a ó tún yọ. Pákó kan tí ó ṣẹ́ lára fèrèsé onípákó ni káfíńtà lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Ohun tí àwíjàre wọ̀nyí kò mẹ́nu bà ni afẹ́fẹ́. Siláìdì onílẹ̀kùn méjì kò lè ṣí ju ìlàjì lọ, nítorí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró sí ẹ̀yìn èkejì. Fèrèsé onípákó ń ṣí tán pátápátá. Bí òjò bá sì ń rọ̀ tí a tì í, pákó rẹ̀ tí a tò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ń da omi síta, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Nínú ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ oorun àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Ní ti òwe ilé ọba, ó dára kí a rántí pé ilé ọba ni òwe náà wí. Ọba ní gbogbo ìlú tí yóò bá a tún ilé kọ́. Ilé ẹbí kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jó níbẹ̀ lè má padà wá mọ́. Òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀nà Àtúnṣe

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. William Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1877 láti tako bí àwọn kan ṣe ń fi orúkọ ìmúbọ̀sípò ba ilé àtijọ́ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ibi ìtàn gbé ìwé pélébé kan jáde ní 1981 lórí títún fèrèsé onígi ṣe. Ìpele mẹ́ta ni ó pín iṣẹ́ náà sí: ìtọ́jú ìgbà-dé-ìgbà, fífún igi tí ó ti ń jẹrà lókun, àti fífi igi tuntun dípò apá ibi tí ó ti bàjẹ́ nìkan. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má kàn da ọ̀rọ̀ wọn kọ. Òtútù ni wọ́n ń fi fèrèsé dènà, ooru ni àwa ń fi lé jáde. Ètò iṣẹ́ ni a lè yá lọ́wọ́ wọn.

Ìpele kìíní ni pé kí a wo fèrèsé lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí a fi epo sí híńjì, kí a dè é bí ó bá tú, kí a ha ọ̀dà tí ó ti ń bó, kí a sì kun òmíràn. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Nítorí náà, kí a fi omi rin ín kí a tó ha á, kí a má ṣe é níbi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré, kí a sì kó ohun tí a ha dànù.

Ìpele kejì ni ti igi tí ó ti ń rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni férémù sábà máa ń ti jẹrà, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ń dúró sí. Kí a tó tọ́jú igi, kí a kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé: bóyá òrùlé ń jò, tàbí ìsàlẹ̀ fèrèsé kò dà síta mọ́, tàbí sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là tí omi ń gba ibẹ̀ dé ara amọ̀. Lẹ́yìn náà, kí igi gbẹ dáadáa, kí a fi oògùn ikán sí i, kí a sì fi lẹ́búlẹ́bú igi tí a pò mọ́ gọ́ọ̀mù dí àwọn ihò kéékèèké. Ihò kéékèèké nìkan ni èyí wà fún. Kò lè gbé ẹrù.

Ìpele kẹta ni pé kí káfíńtà gé ibi tí ó jẹrà kúrò, kí ó sì so igi tuntun mọ́ èyí tí ó ṣì le. Kí ó gé ojú ìsopọ̀ náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí omi má bàa dúró sí i. Igi tí a ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tí ó wà níbẹ̀. Bí ìrókò tàbí apá ni àtijọ́, a kò gbọdọ̀ fi arère so ó mọ́ ọn, nítorí pé kò ní pẹ́ tí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́. Igi tútù náà kò dára. Yóò sún kì, yóò sì lọ́ bí ó bá gbẹ.

Bí ó bá wá di dandan kí a pààrọ̀ gbogbo ilẹ̀kùn fèrèsé ńkọ́? Kí a pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a ṣe òmíràn tí yóò bá ojú fèrèsé mu, kí a má fi ojú fèrèsé bá ọjà mu. Iṣẹ́ ni òkè fèrèsé tí ó tẹ̀ bí ọrun àti igi àtẹ́rígbà ń ṣe nínú ògiri alámọ̀: àwọn ni wọ́n ń gba ẹrù ògiri òkè, tí wọ́n sì ń tì í sí ọ̀tún àti òsì. Bí a bá gbẹ́ wọn dànù, ẹrù náà yóò wá ibòmíràn gbà. Ibẹ̀ ni ògiri ti ń lanu.

Òfin Nìkan Kò Tó

Àwọn kan lè sọ pé ìjọba ni kí ó ṣòfin. Òfin wà. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979 ni ó dá àjọ tí ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar ní Tinúbu Square ní Èkó. Ilé Àgùdà ni, tí ìdílé Fernandez ni tẹ́lẹ̀, tí ìdílé Ọláìyá sì rà ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Bí ilé tí òfin dárúkọ bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ilé alágbàtà obì ní Mákun tí òfin kò mọ̀? Àpẹẹrẹ rere náà kò ṣaláìsí. Jaekel House ní ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ni ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe tí ó sì di mùsíọ́ọ̀mù ìtàn rélùwéè. Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, iléèwé kan ti wà láti 1998 tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtọ́jú ohun àjogúnbá. Ohun tí a rí kọ́ nínú méjèèjì ni pé àwọn ènìyàn tí ó fohùn ṣọ̀kan ni wọ́n ń gba ilé là. Láàrin ẹbí, ìpàdé ẹbí ni ibi ìfohùnṣọ̀kan.

Ìdí nìyí tí àbá wa fi jẹ́ ti inú ilé. Kí ẹbí kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ojú fèrèsé àti àtẹ́rígbà jẹ́ ti gbogbo ọmọ bàbá, gẹ́gẹ́ bí òrùlé àti àtẹ̀gùn ti jẹ́ ti gbogbo wọn. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ lórí ilẹ̀kùn fèrèsé, irin àti nẹ́ẹ̀tì yàrá tirẹ̀. Kí owó kékeré máa wọlé lọ́dọọdún fún ọ̀dà àti káfíńtà, kí ẹnì kan tí ó ń gbé inú ilé sì máa bójú tó o. Àbá yìí kò gba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn mú kí ìpín tí gbogbo wọn jọ ní má di ohun tí ẹni tí owó bá kọ́kọ́ dé sí lọ́wọ́ yóò fi ṣe tirẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú bébà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ fèrèsé ilé àtijọ́ ní Rẹ́mọ kì í ṣe ìjà láàrin pákó àti alumíníọ̀mù. Àìyà ohun àjọni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun àdáni ni ó ń ba ilé jẹ́, àìdárúkọ ohun tí a ní lọ́kàn sì ń ràn án lọ́wọ́.

A rọ àwọn olùkọ́ni àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti di olùkọ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ jáde kúrò nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán fèrèsé ilé ẹbí rẹ̀, kí ó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé irú igi tí wọ́n fi ṣe é àti orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn káfíńtà àgbà tí wọ́n mọ orúkọ wọ̀nyí ń dín kù. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún kíláàsì èdè, yóò sì wúlò ní ọjọ́ tí bíríkìlà bá gbé òòlù dé.

Ní ilé tiwa, ìlàjì fèrèsé ìwájú ṣì kù tí òkè wọn tẹ̀ bí ọrun. Ní ìpàdé ẹbí tí a ṣe kẹ́yìn, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú wọn. Ògiri tí ó là ṣì là síbẹ̀. A ti fi òpó gbé e dúró, a ń retí owó.